Iyán Ìyá Ìbejì l'Ókè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́: ó dùn o, ṣùgbọ́n aago mẹ́ta ni wọ́n ń tilẹ̀kùn

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù, kí ẹ má baà wọ máàrúwá lọ síbẹ̀ lásán: aago mẹ́ta ọ̀sán ni Ìyá Ìbejì ń tilẹ̀kùn. Kò sí pé mẹ́ta àbọ̀, kò sí pé ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa rí. Mẹ́ta. Ọjọ́ míì gan-an, iyán ti máa ń tán kó tó di méjì. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì ló ń tà, Sátidé kò sí, Sọ́ńdè kò sí, tí ẹ bá sì bá ilẹ̀kùn ní títì ẹ má wulẹ̀ kàn án, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn, ìyá yẹn ti lọ mú àwọn ọmọ ẹ̀ ní sùkúù.

Mo mọ àwọn tó ń bínú sí i torí èyí. Wọ́n á ní ta ló ń ta oúnjẹ tí ò ní tà á lálẹ́, wọ́n á ní ìgbéraga ni, owó ti dé ni. Èmi tí mò ń kọ eléyìí, oníṣẹ́ ara mi lèmi náà, mò ń tẹ káàdì ìpè, jọ́tà, kàlẹ́ńdà àti flex ní ìtòsí Ọba Àdésídà, mo mọ bó ṣe rí kí kọ́sítómà pe èèyàn láago mọ́kànlá alẹ́ pé "àǹtí ẹ dákun, ìsìnkú ọ̀la ni, prógíráàmù ò tó". Torí náà ojú tí mo fi wo ibẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ẹni tí ebi kàn ń pa. Ṣùgbọ́n oúnjẹ la wá jẹ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti oúnjẹ.

Iyán odó ni. Kì í ṣe póńdò, kì í ṣe ẹ̀rọ. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan wà lẹ́yìnkùlé, odó kan náà ni àwọn méjèèjì dúró tì, bí ọ̀kan ṣe ń gbé ọmọ odó sókè nìkejì ń sọ tiẹ̀ kalẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ ọ láti títì kẹ́ ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan máa ń sọ pé ti ẹ̀rọ náà ò burú, òótọ́ ni kò burú, àmọ́ abẹ ló wà nínú ẹ̀rọ, ńṣe ló ń gé iṣu títí tó fi kúná, odó ní tiẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ ni, ó ń pò ó, òun ló ń jẹ́ kó fà. Òkèlè Ìyá Ìbejì máa ń fà dáadáa, kì í lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, kò sì ní kókó. Mo wá kókó yẹn o! Torí mo ti mọ̀ pé mo máa kọ nǹkan nípa ibẹ̀, mo sì fẹ́ rí ohun tí mo máa fi ṣe àríwísí. Mi ò rí. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ; kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀kọ má bínú.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣá. Tó bá ti di nǹkan bí oṣù keje, oṣù kẹjọ, tí iṣu tuntun gba ọjà, iyán ibẹ̀ á yí padà díẹ̀, bó sì ṣe máa rí níbi gbogbo nìyẹn, torí omi pọ̀ nínú iṣu tuntun, iyán ẹ̀ máa ń rọ̀, kì í dúró lọ́wọ́. Ibi tí obìnrin yìí ti yàtọ̀ ni pé kì í bò ó mọ́lẹ̀. Á ṣì máa wá iṣu ọdún tó kọjá kiri, ní Ìsìkàn, ní Ọjà Ọba, kódà bó ti wọ́n báyìí, òkèlè á wá kéré sí i díẹ̀ ní àsìkò yẹn torí owó tó fi rà á. Lọ́jọ́ tí ò bá wá rí i rárá, á kọ ọ́ sí status WhatsApp ẹ̀ láàárọ̀ pé "iṣu tuntun la lò lónìí o, ẹni tí ò bá fẹ́ kó má bínú". Ẹ sọ fún mi, búkà wo ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọbẹ̀: ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́ rírò, ilá, àpọ̀n. Ẹ̀gúsí yẹn, ní tèmi o, epo ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, mo ti sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, kò dín in kù. Àpọ̀n dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́rú ni kí ẹ lọ, torí ọjọ́rú lọjọ́ ẹ̀bọ̀lọ̀. Ọmọ Oǹdó ni ìyá yìí, Oǹdó tó jẹ́ ìlú, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ nìkan, ẹ sì mọ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe fẹ́ràn ẹ̀bọ̀lọ̀ tó. Ẹ̀fọ́ yẹn ní òórùn tiẹ̀, ẹni tí wọn ò bá fi tọ́ dàgbà lè yí imú padà lákọ̀ọ́kọ́. Ọkọ mi yí imú padà. Òun ló ń bi mí báyìí ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé ṣé ọ̀la la ó lọ. Wọ́n máa ń fi irú sí i, wọ́n á fi ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́ sí i, ata ẹ̀ kì í ṣe eré.

Ọjọ́ Ẹtì ni ti àsun. Àwọn ará Oǹdó máa ń sọ pé àwọn làwọn ni àsun, tí ẹ bá fẹ́ bá wọn jiyàn ẹ lọ bá wọn níbẹ̀, èmi ò sí níbẹ̀. Ewúrẹ́ tí wọ́n fi iná sun pẹ̀lú awọ ẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n bọ̀ tán tí wọ́n wá dín nínú òróró tí wọ́n ń pè ní àsun káàkiri hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ ó rí èéfín lára ẹran yẹn, ẹ ó gbọ́ òórùn ẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó máa ń le nígbà míì, tó bá jẹ́ òbúkọ tó ti dàgbà ni wọ́n rà, ẹni tí eyín ń dùn kó rọra. Púpurú àti márúgbó ńkọ́? Kò sí. Mo bi í, ó ní ti àwọn ará Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ nìyẹn, òun lè jẹ ẹ́ àmọ́ òun ò lè sè é dé ibi tó yẹ, kí òun má lọ ba oúnjẹ olóúnjẹ jẹ́.

Owó ẹ̀ kò burú. Nígbà tí mò ń kọ èyí, òkèlè kan jẹ́ ₦600, ẹran ₦500, pọ̀nmọ́ ₦300. Transfer wà, káàṣì wà, ẹ ṣáà dúró kí ọmọ tó wà nídìí owó rí alert kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ má bá a jà, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Ibùjókòó ò tó rárá. Bẹ́ǹṣì ni, ara yín á kan ara ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, tí kò bá sì sí iná, fáànù kò ní yí, ooru á mú yín pa, ẹ ó máa fi iwájú jẹ iyán ẹ ó máa fi ẹ̀yìn làágùn. Ibi tí ẹ máa gbé mọ́tò sí náà ò sí. Mo sọ gbogbo ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n sanwó fún mi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ ti aago mẹ́ta yẹn.

Kì í ṣe pé ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Tẹ́lẹ̀, alẹ́ ni ọjà ẹ̀ máa ń yá jù, ó ń ta ìrẹsì, ẹ̀bà, àmàlà, ẹja yíyan, fírísà méjì ló ní nínú ṣọ́ọ̀bù, jẹnẹrétọ̀ á máa ké títí di aago mẹ́wàá. Ìgbà tí wọ́n wá yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí epo bẹntiróòlù tí a ń rà ní ₦200 kù díẹ̀ ṣàdédé di ₦500 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó jókòó, ó ṣírò owó. Ó ní òun rí i pé owó tí òun ń rí lálẹ́, inú táǹkì jẹnẹrétọ̀ ló ń padà sí. Iṣẹ́ àṣekára, owó ò dúró, àwọn ọmọ á ti sùn kí òun tó délé, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń tọ́jú wọn ní "mọ́mì". Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ èyí fún mi, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò dé ojú ẹ̀.

Ló bá ta fírísà méjèèjì. Ohun tó jẹ́ kó lè máa tilẹ̀kùn láago mẹ́ta gan-an nìyẹn o, àwọn èèyàn ò mọ̀. Tí èèyàn ò bá ní fírísà, kò lè kó ẹja pamọ́, kò lè kó ẹran pamọ́, ohun tó bá sè lónìí gbọ́dọ̀ tán lónìí, ohun tó máa tán lónìí sì gbọ́dọ̀ ní iye. Iṣu ogún ló ń gún lóòjọ́, ọjọ́ Ẹtì ó ń fi márùn-ún kún un torí àsun. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ló ń jí, wọ́n á ti ra ẹran kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ń sin àwọn ọmọ dé sùkúù, ó ń padà wá sè ọbẹ̀ fúnra ẹ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíì fi iyọ̀ sí i. Odó àkọ́kọ́ máa ń dún láago mọ́kànlá. Alájọ ń dé láago méjì àbọ̀, ó ń gba tiẹ̀. Ti kọpuráétífù tó ń san lóṣooṣù, òun ló fi ń san owó sùkúù. Ó ní "Ìyá Tóbi, tí iṣu ogún yẹn bá ti tán, owó àwọn òṣìṣẹ́ ti pé, owó ọjà ọ̀la ti pé, àjọ ti wọlé, kí ni mo tún ń wá? Ṣé kí n máa jókòó ti ìkòkò òfìfo ni?"

Mo ní "Ìyá Ìbejì, ẹ tún lè wá èrè."

Ó ní "Mo ti jẹ èrè. Mo fẹ́ lọ ta ayò."

Ẹ má rò pé àwàdà ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn, lábẹ́ igi máńgòrò, ọpọ́n ayò kan wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́. Èmi rò pé ti àwọn bàbá àdúgbò ni. Tiẹ̀ ni. Bàbá ẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un, láti Oǹdó ló ti gbé e wá, bàbá yẹn náà ló sì kọ́ ọ ní ayò nígbà tó wà ní ọmọdé. Tó bá di nǹkan bí aago márùn-ún, tí àwọn ìbejì ti jẹun, tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí tábìlì tí àwa jẹ iyán lé lọ́sàn-án, á bọ́ épírọ́ọ̀nù, á wá jókòó. Àwọn bàbá á ti máa dúró dè é.

Ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, ojúlé méjìlá, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó bá ti lè ka nǹkan lè kọ́ ọ, àmọ́ ẹ lọ jókòó síwájú obìnrin yẹn kẹ́ ẹ wò ó. Ńṣe ló máa kó ọmọ jọ sí ojúlé kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan, á máa bá yín sọ̀rọ̀ owó ata, á ní ṣé ẹ rí bí tòmátì ṣe wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin náà á máa dá a lóhùn, ẹ ò ní mọ̀ pé odù ti wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá wá tú odù yẹn, á yí ọpọ́n po, ibi tó bá parí sí, á jẹ méjì, á jẹ mẹ́ta, á tún padà sẹ́yìn jẹ méjì míì, ojúlé yín á mọ́ fee. Bàbá tísà kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún bí àádọ́rin, ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá yẹn tó ìwé kà, àmọ́ Ìyá Ìbejì ń pa á ṣáá. "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o, ṣé òpè ni wọ́n ń jẹ́ báyìí ni àbí tísà?" Níbòmíì, ta ló máa bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ báyẹn? Ní ìdí ayò, kò sí ìbínú, bàbá náà á kàn ní "dá a padà, dá a padà, mi ò tíì ṣe tán".

Èyí tí mo wá fẹ́ràn jù ni pé àwọn ìbejì yẹn ti ń ta á. Taiwo ń sáré jẹ, Kẹ́hìndé ń rò ó kó tó mú, ìyá wọn ní ìṣirò tí wọ́n ń ṣe ní sùkúù ti rọrùn fún wọn látìgbà tí wọ́n ti ń ka ọmọ ayò. Bàbá wọn ní tiẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, kò bá ayò dá nǹkan kan pọ̀, Arsenal ni tiẹ̀, ọjọ́ bọ́ọ̀lù ẹ ò ní rí i nílé. Sátidé ni gbogbo wọn jọ ń wà pọ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi gba iṣẹ́ ìnáwó púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń gbà á, tí ẹ bá fẹ́ kó bá yín se oúnjẹ ìgbéyàwó ẹ yáa tètè bá a sọ ọ́, kì í ṣe kó ku ọ̀sẹ̀ kan.

Mo wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọkùnrin kan fi jíìpù dé. Kò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dáadáa. Ó ní "Màdáámù, ẹ bá mi ṣe iyán èèyàn mẹ́wàá, àlejò ni mo ní, iye tó bá jẹ́ ni mo máa san." Ìyá Ìbejì dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Iyán ti tán láti ọ̀sán. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá lè fún mi ní nọ́ńbà yín, kí aago méjìlá ọ̀la tó lù, ó ti wà nílẹ̀ fún yín." Ọkùnrin yẹn wo ọpọ́n ayò, ó wo ìyá, ó ní "Ṣé ẹ ò fẹ́ owó ni?" Ó ní "Mo fẹ́ owó gan-an sà, mo ti rí tòní ni." Bàbá tísà wá ń pariwo lẹ́yìn ẹ̀ pé ó kàn ọ́ o, ìwọ lò ń dá wa dúró! Ọkùnrin yẹn bínú lọ. Mo bi í lẹ́yìn náà bóyá ẹni yẹn padà wá, ó ní ó ti di kọ́sítómà, àwọn ará ọ́fíìsì ẹ̀ ló sì ń gba àsun jù lọ́jọ́ Ẹtì báyìí.

Èmi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀ tán ṣá o. Ọmọbìnrin tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa, Ìyá Ìbejì lè fi ọmọ yẹn sídìí ìrẹsì àti ẹ̀wà lálẹ́, kó má gún iyán rárá, ṣọ́ọ̀bù ò ní ṣófo, ó ń sanwó ilé ní gbogbo wákàtí mẹ́rìnlélógún kẹ̀? Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní lọ́jọ́ tí ọbẹ̀ bá ṣì wà lórí iná tí òun ò sí níbẹ̀, ọkàn òun ò ní sí lórí ọpọ́n, ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò bá sì sí lórí ọpọ́n, òpè á pa á. Mi ò ní èsì fún ìyẹn, àmọ́ mo ṣì rò pé òótọ́ ni mo sọ. Bẹ́ẹ̀ kí n má purọ́, mo lọ wo ara ilẹ̀kùn tèmi tí mi ò kọ aago kankan sí, mi ò tíì láyà ẹ̀.

Àsìkò ọlidé sùkúù, ẹ mú sùúrù. Àwọn ìbejì ló máa ń gbé omi wá, tí wọ́n ń gba owó, ó dùn-ún wò, àmọ́ ó ń fa nǹkan sẹ́yìn, wọ́n lè gbé ilá fún ẹni tó ní ẹ̀fọ́. Àsìkò ìdánwò wọn sì rèé, ìyá lè má ṣí rárá lọ́jọ́ kan, status WhatsApp ló ń fi í sí, ó sì máa ń fi í síbẹ̀ láago mẹ́wàá tí èèyàn ti múra tán! Ìyẹn ló yẹ kó tún ṣe jù. Kó máa sọ ọ́ láti àná. Aago mẹ́ta ò bí mi nínú, èyí ló bí mi nínú.

Wọn kì í fi oúnjẹ ránṣẹ́ fúnra wọn, ẹ̀yin lẹ máa wá ọlọ́kadà tiyín, ẹ sọ fún un kó mú kúlà tàbí báàgì tó ní ìdérí, iyán ò fẹ́ afẹ́fẹ́. Láti Ọba Àdésídà, ẹ ní kí oní-máàrúwá gbé yín dé Òkè-Ìjẹ̀bú, tí ẹ bá ti gbọ́ odó ẹ ti débẹ̀, pátákó kékeré kan wà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ IYÁN WÀ sí, nọ́ńbà WhatsApp wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ torí àsun lẹ ṣe ń lọ, ẹ fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ láti Ọjọ́bọ̀, tó bá fi máa di aago méjìlá ọjọ́ Ẹtì, àwọn ará ọ́fíìsì ti pín in tán láàárín ara wọn.